Ihò Kẹrìnlá

Orí búrẹ́dì ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Aránṣọ gé búrẹ́dì mẹ́rin, ó fi ẹyin dínńdín há wọn láàárín, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀ lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Ọkọ rẹ̀ jẹ ẹyọ kan, ó mu tíì lé e, ó sì ti àwo náà sẹ́yìn.

"Ẹ jẹun."

"Mo ti yó."

"Ẹyọ búrẹ́dì kan ló yó géńdé ọkùnrin tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ láti aago méje di aago mẹ́rin? Ta lẹ ń tàn?"

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ọkọ, wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka hóró òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ó gbójú sókè. "Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń wò ó níran ni. Ààwẹ̀ wo lò ń gbà, ọmọ mi?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí pé ní gbogbo ọdún tó fi wa fọkilíìfù, ọkọ̀ kékeré tó ń fi ìka irin méjì gbé ẹrù, páálí kan ṣoṣo kò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Bí àwọn yòókù bá ń kígbe pé kó yára, á ní, "Jẹ́jẹ́ ni."

"Màámi, bí mo bá sanra, mi ò ní lè wọ ihò mọ́. Bí mi ò bá sì wọ ihò, wọn á ní kí n máa lọ sílé."

Aránṣọ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ti rò pé ara ọkọ òun ni kò yá.

Ilé ìkẹ́rùsí tí Jẹ́jẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, ọ̀nà gbòòrò wà láàárín pẹpẹ kan sí èkejì, fọkilíìfù méjì lè pàdé níbẹ̀ kí àwọn awakọ̀ sì bá ara wọn ṣàwàdà. Àwọn tó ni iléeṣẹ́ wo ọ̀nà yẹn, wọ́n ní òfo ni, pé ààyè tí kò gbé ẹrù kì í ṣe ààyè. Wọ́n kó pẹpẹ irin jọ, wọ́n tì wọ́n mọ́ra láti ilẹ̀ dé òrùlé, ó há bí eyín òòyà. Ohun tó kù láàárín wọn kì í ṣe ọ̀nà mọ́, ihò ni. Ihò kọ̀ọ̀kan jìn tó ilé mẹ́fà tó tò tẹ̀lé ara wọn, irin méjì ló sì gba inú rẹ̀ kọjá bíi ti rélùwéè. Lórí irin yìí ni ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan ń rìn, tí kò ga tó orúnkún. Yóò rá wọ abẹ́ páléètì, ìyẹn pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé, yóò fi ẹ̀yìn gbé e sókè, yóò sì gbé e wọ inú òkùnkùn lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹrù náà padà, yóò tún lọ gbé e wá. Kò sẹ́ni tó ń wà á. Kọ̀ǹpútà ló ń rán an níṣẹ́. Òkété ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é.

Ṣùgbọ́n ẹrù kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ló gbé òun. Páálí á fì, ọ̀rá tí wọ́n fi wé ẹrù á tú, á lọ́ mọ́ táyà, pákó á kán. Òkété á há sínú ihò, iná pupa á máa ṣẹ́jú lójú kọ̀ǹpútà. Èèyàn ẹlẹ́ran-ara ni yóò wá dọ̀bálẹ̀, tí yóò fi àyà wọ́ wọlé lọ yọ ọ́. Nínú awakọ̀ fọkilíìfù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, márùn-ún péré ni wọ́n dá sí. Jẹ́jẹ́ ló pẹ́lẹ́ńgẹ́ jù nínú wọn. Ìyẹn ni wọ́n rí tí wọ́n fi dá a sí.

"Ṣé wọ́n pa á kí ẹ tó wọlé lánàá?" Aránṣọ bi í.

Jẹ́jẹ́ ń so okùn bàtà.

"Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Wọ́n ní kó dúró sójú kan. Ó dúró."

"Kó dúró kọ́ ni mo bi yín. Mo ní ṣé wọ́n pa á?"

Òfin wà lára ògiri níbẹ̀, ọ̀rọ̀ gàdàgbà-gàdàgbà: ẹni tó bá fẹ́ wọ ihò, kí wọ́n kọ́kọ́ pa iná gbogbo apá ibẹ̀, kó fi àgádágodo tirẹ̀ ti súìṣì, kó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè tan án nígbà tó wà nínú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa á, ogójì ìṣẹ́jú ni yóò gbà kí gbogbo rẹ̀ tó jí. Ogójì ìṣẹ́jú yìí ló ń dun àwọn ọ̀gá. Láti oṣù tó kọjá ni wọ́n ti gba àgádágodo lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n kó wọn sínú dúrọ́ọ̀ kan, wọ́n tì í. Ẹni tó gbà wọ́n ni ọ̀gá tó ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Kékeré. Ọmọ ìyá Aránṣọ ni. Aránṣọ gan-an ló pọ̀n ọ́n dàgbà.

"N ó pè é ní fóònù," ni Aránṣọ wí.

"Má pè é o. Wọn á ní ìyàwó mi ló ń bá mi ṣiṣẹ́."

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Àbúrò rẹ kọ́ ni? Ṣé ọmọ ìyá rẹ á wá ṣe mí níbi ni?" Jẹ́jẹ́ dìde, ó fi ọwọ́ kan èjìká ìyá rẹ̀. "Màámi, ó dàárọ̀ o. Ìyàwó mi, mo ń lọ."

Ìyá Àgbà súre fún un. Aránṣọ kò dáhùn. Inú ń bí i, ó kọjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ títí tí ìró bàtà ọkọ rẹ̀ fi kọjá ẹ̀yìn fèrèsé.

Aago mẹ́wàá kò tíì lù nígbà tí fóònù dún. Ó ti rán apá aṣọ ilé-ìwé kan tán, ó ń wá ìkejì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀ ní ọsibítù." Ohùn àbúrò rẹ̀ ni.

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹsẹ̀ ni."

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ó jáde pẹ̀lú òwú lára aṣọ, okùn tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bó ṣe ń sáré kọjá, àwọn obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ omi dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe dákẹ́. Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé àdúgbò.

Nígbà tó dé ọsibítù, ọ̀nà gígùn kan tó ń rùn fún òògùn ìfọlẹ̀ ni wọ́n mú un gbà. Ọ̀gá Kékeré dúró sí ìpẹ̀kun rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tó ń dán, èyí tí wọ́n ń wọ̀ níbi iṣẹ́ kí ọkọ̀ má baà gbá ènìyàn. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aránṣọ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Obìnrin kan tún wà níbẹ̀, tó kó fáìlì sí àyà. Ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ló ti wá.

Dókítà kò lọ́ ọ̀rọ̀. "Ẹ̀rọ náà fún ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ irin, ó sì tún padà sẹ́yìn lórí rẹ̀. Egungun ti rún. Bí a kò bá gé e lábẹ́ orúnkún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bàjẹ́, a ó sì pàdánù rẹ̀. A ti gbé e wọlé. Ìwé tí ẹ ó fọwọ́ sí ló kù."

"Ṣé mo lè rí i?"

"Bó bá jí."

Obìnrin ọ́fíìsì ti gba ìwé náà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó ti fi há pátákó pẹlẹbẹ kan, ó ti ṣí bírò. Ó nà án sí i pẹ̀lú ohùn tó tutù bí omi àmù. "Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ibí àti ibí."

Aránṣọ fọwọ́ sí èkíní. Bí ó ṣe gbé ìka lé etí ìwé kó lè fọwọ́ sí èkejì, ó dúró. Ọwọ́ tó ti ń fọwọ́ kan aṣọ láti ọdún pípẹ́ mọ ohun tó jẹ́ ìlọ́po kan, ó mọ ohun tó jẹ́ ìlọ́po méjì. Ó ṣí ti òkè kúrò. Ìwé ọsibítù ni ti òkè. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ní àmì iléeṣẹ́ lórí.

"Kí ni èyí?"

"Ìwé lásán ni, mà. Kí ètò rẹ̀ lè yá."

Ó ń kà á díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó rí *láìgbàṣẹ*. Ó rí *fúnra rẹ̀*. Ó fa ìwé ọsibítù yọ, ó fún nọ́ọ̀sì, ó sì dá èkejì padà.

"Mà, ọ̀gá wa ò fi ọ̀rọ̀ yín ṣeré o," obìnrin náà ní. "Wọ́n ti ní bó bá gbádùn, iwájú kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa fi sí. Iṣẹ́ ìjókòó."

"Ẹsẹ̀ ò tíì kúrò lára rẹ̀, ẹ ti wá àga fún un."

Obìnrin náà wo Ọ̀gá Kékeré. Ọ̀gá Kékeré wo ilẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní kó lọ sílé, kó mú aṣọ àti oúnjẹ wá ní aago márùn-ún tí wọ́n ń gba àlejò. Ó kó ọ̀rá dúdú kan fún un: ṣẹ́ẹ̀tì, bẹ́líìtì, aago ọwọ́, àti bàtà. Bàtà náà ò ju ẹyọ kan lọ. Aránṣọ wo inú ọ̀rá náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé e.

Ọ̀sán ti kan orí nígbà tó dé ilé. Àwọn ará àdúgbò ti dá sí ọ̀rọ̀ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n. Ìyàwó onígbàjámọ̀ tó ń gbé ògiri kejì tẹ̀ lé e wọlé, ó ń na ọwọ́ méjèèjì.

"Áà, ìyà ńlá! Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ò rí i pé a gbọ́dọ̀ máa kìlọ̀ fún àwọn ọkùnrin wa? Ẹnìkan ní oorun ló lọ sùn nínú ihò yẹn. Ẹlòmíràn ní fóònù ló ń tẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti sọ ọ́. Wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ ní aago mọ́kànlá, wọ́n sọ fún wọn."

Aago mọ́kànlá. Dókítà ṣì ń gé e lọ́wọ́ nígbà yẹn. Wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà kí wọ́n tó parí ẹsẹ̀ rẹ̀. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń ra irọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé yín," ni Aránṣọ wí.

"Èmi náà? Èmi tí mo wá báni kẹ́dùn?"

"Ẹ ti bá mi kẹ́dùn. Ẹ ṣé."

Obìnrin náà jáde, ó ń sọ fún àwọn ará ìta pé ìbànújẹ́ kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyá Àgbà wà nídìí sítóòfù. Ó gbé ìrẹsì kaná, ó sì dúró tì í pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Aránṣọ sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Arúgbó náà kò sunkún, kò pariwo. Ó ń wo ìkòkò. Òórùn jíjó gba gbogbo yàrá, kò ro ó. Nígbà tí Aránṣọ sún mọ́ ọn tó pa iná, ó ní, "Ìgbà tó ń kọ́ ìrìn, ẹ̀gbẹ́ ni ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn máa ń yà sí. Mo máa ń dì í mú." Ó bu èyí tí kò jó sókè, ó gbé èyí tó jó sẹ́yìnkùlé.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ ìkíni níta. "Ọ̀gá! Ọ̀gá wa! Ẹ kú ìnáwó o!" Onígbàjámọ̀ ló ń kí Ọ̀gá Kékeré. Ó wọlé pẹ̀lú páálí ńlá kan léjìká: ìrẹsì, mílíìkì, súgà, ohun tí iléeṣẹ́ fi ń ṣọrẹ. Ó gbé e sílẹ̀ sí àárín ilé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Ìyá Àgbà.

"Dìde," ni Ìyá Àgbà wí. "Ọmọ mi ti dọ̀bálẹ̀ tó fún gbogbo wa lónìí."

Ọ̀gá Kékeré jókòó sí etí àga. Ó fa ìwé kan yọ nínú ẹ̀wù rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìgéṣọ, ó fi ọwọ́ nà án gbọnrangandan bí ẹni tó fẹ́ rán an.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi. Ẹ gbọ́ tèmi. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, Bùrọ̀dá mi á ní iṣẹ́. Èmi náà á ní iṣẹ́. Bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, wọ́n ní òun ló ba ẹ̀rọ wọn jẹ́. Wọn á gbé e lọ sílé ẹjọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan."

"Kà á."

"Ẹ ti kà á ní ọsibítù."

"Mo ní kí o kà á sókè. Etí ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ kó dé."

Ó mú ìwé náà. Ó húkọ́ díẹ̀. "'Èmi, ìyàwó òṣìṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lókè yìí, gbà pé ọkọ mi wọ ihò kẹrìnlá fúnra rẹ̀, láìgbàṣẹ, láìsọ fún ọ̀gá rẹ̀...'" Ó dúró.

"Ta ni ọ̀gá rẹ̀?" Ìyá Àgbà béèrè.

Ẹ̀rọ omi ń kán níta. Ẹnìkan ń gbá ilẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó ń gbá ojú kan náà léraléra.

"Ọwọ́ ta nìyí nísàlẹ̀?" Aránṣọ fi ìka tọ́ ọ. "Níbi tí wọ́n kọ ẹlẹ́rìí sí."

"Ọwọ́ mi ni."

"Ìgbà wo lo fọwọ́ sí i?"

"Aago mẹ́wàá."

"Ìgbà tí mo ṣì ń sáré bọ̀ lọ́nà." Ó rọra fà sẹ́yìn, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ gún. "Ìwọ lo ní kó wọlé?"

"Tírélà mọ́kànlá ló wà níta, ẹ̀gbọ́n mi! Ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni ọ̀gá àgbà ń pè mí. Ó ní bí n bá pa á, kí n máa fi ẹsẹ̀ mi rìn jáde. Mo tẹ ìdúró fún Òkété lójú kọ̀ǹpútà, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí. Ó dúró. Ìgbà tí iṣẹ́ tuntun wọlé ni ó gbéra."

"O mọ̀ pé bí iṣẹ́ tuntun bá wọlé, yóò gbéra?"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú.

"Mo bi ọ́, àbúrò mi. O mọ̀?"

"Gbogbo wa la mọ̀."

Ìyá Àgbà fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde. "Òkété," ó ní, ó sì rọra ń wo ọmọ ọkùnrin náà lójú, "báyìí ni ìwà rẹ." Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ẹ̀rọ ló ń bá wí.

Ọ̀gá Kékeré fò dìde. "Èmi náà ní ìyàwó, màmá! Èmi náà ní ọmọ! Bí mo bá kọ̀, ẹlòmíràn á jókòó sí àga yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú, òun náà á sì rán Bùrọ̀dá wọlé. Ṣé èmi ni mo kó àwọn pẹpẹ yẹn mọ́ra?"

"Ìwọ lo kó àgádágodo," ni Aránṣọ wí. "Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Èmi ni mo sọ fún un láàárọ̀ pé n ó pè ọ́. Kí ló sọ? Ó ní ọmọ ìyá mi ò lè ṣe òun níbi. Ọ̀rọ̀ tó fi sẹ́nu lọ nìyẹn. Ó kí mi, mi ò dá a lóhùn, nítorí ìwọ."

Fóònù Ọ̀gá Kékeré dún lórí tábìlì. Níbi iṣẹ́ ariwo wọn, gbogbo wọn ló ti mọ́ lára láti jẹ́ kí ohùn jáde síta, bẹ́ẹ̀ náà ló sì tẹ̀ ẹ́ láìronú. Ohùn ọkùnrin kan jáde.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ihò kejì ti há. Páálí ọṣẹ ló tú sínú rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n má pa á o, ó ní kí n bi yín ta ni kó wọlé. Àwọn mẹ́rin tó kù tóbi jù. Àfi obìnrin tó ń gbálẹ̀ yẹn, òun nìkan ló lè gba ibẹ̀. Ó ti wà níbí."

Ọ̀gá Kékeré na ọwọ́ kó pa ohùn náà, ṣùgbọ́n Aránṣọ ti gbé fóònù.

"Ẹ fún obìnrin náà."

"Ta nìyẹn?"

"Mo ní ẹ fún un!"

Wọ́n gbọ́ bí àwọn tọ̀hún ṣe ń gbé e fún ara wọn. Ohùn obìnrin kan wọlé, ohùn tó ń bẹ̀rù. "Ẹ kú ọ̀sán, mà."

"Ìyàwó Jẹ́jẹ́ ni mo jẹ́, ẹni tó wọ ihò kẹrìnlá láàárọ̀."

"Áà. Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Èmi ni mo fọ ibẹ̀."

Aránṣọ kò ronú rí pé ẹnìkan á ti fọ ibẹ̀. "Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀," ó ní. "Má wọlé."

"Wọ́n ní bí mi ò bá wọlé, kí n máa lọ sílé, mà."

"Máa lọ sílé. Ilé dùn-ún lọ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì pé méjì. Má wọlé, ìyá mi. Bí ọ̀gá àgbà bá kánjú, kó bọ́ kóòtù rẹ̀ kó wọlé fúnra rẹ̀."

Ọkùnrin àkọ́kọ́ gba fóònù padà. "Ọ̀gá? Ọ̀gá, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Ó ti ń kó ìgbálẹ̀ rẹ̀. Kí la ṣe?"

Aránṣọ gbé fóònù náà síwájú àbúrò rẹ̀, ó dì í mú níbẹ̀. Ìyá Àgbà ń wò ó. Ẹni tó ń gbálẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé ti dáwọ́ dúró. Òógùn bọ́ láti iwájú orí Ọ̀gá Kékeré sórí ìwé tó wà lórí tábìlì.

"Ẹ pa á," ó ní.

"Kí lẹ wí, sà?"

"Mo ní ẹ pa á. Gbogbo apá ibẹ̀. Ẹ fi àgádágodo tì í."

"Wọ́n wà nínú dúrọ́ọ̀ yín, sà. Ó wà ní títì."

Ó fọwọ́ kan àpò rẹ̀, níbi tí kọ́kọ́rọ́ wà. "Ẹ fọ́ ọ," ó ní.

Nígbà tí fóònù náà dákẹ́, ó jókòó, apá rẹ̀ méjèèjì wọ́ sílẹ̀. "Iṣẹ́ mi ti bọ́ nìyẹn," ó sọ ọ́ bí ọmọdé. Ó ń retí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń nu imú fún un, tó ń bẹ tíṣà fún un, tó ń fi ẹ̀yìn gba ẹgba rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló gbà láti pa á," ni Aránṣọ wí. "Mo rò pé yóò ṣòro ju báyìí lọ."

Ó nawọ́ mú ìwé náà. Ọmọkùnrin náà fẹ́ gbà á. Ó ká a, ó fi sí àyà. "Èyí ti di tèmi. Ọwọ́ rẹ wà níbẹ̀, aago mẹ́wàá wà níbẹ̀. Adájọ́ tí wọ́n ń fi dẹ́rù bà mí yẹn, àwa náà mọ ọ̀nà ibẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Gbé ẹrù rẹ," Ìyá Àgbà ní, ó fi ọ̀pá kan páálí náà.

Ó gbé e. Ó jáde pẹ̀lú rẹ̀ léjìká. Onígbàjámọ̀ ti la ẹnu láti kí i, ó rí ojú rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí nu abẹ rẹ̀. Ìyàwó onígbàjámọ̀ ló wà lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ó wo Aránṣọ, ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó gbé kúlà kékeré kan wá, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní ọbẹ̀ ẹja ni, pé ìrẹsì gbígbẹ ò dára fún aláìsàn. Ó lọ.

Ojú ọ̀nà ọsibítù ni Aránṣọ wà nígbà tí agbálẹ̀ iléeṣẹ́ náà pè é. Ó ti gba nọ́ńbà Aránṣọ lọ́wọ́ àwọn yòókù níbi iṣẹ́. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n jẹ́ kó wọlé. Ibùsùn Jẹ́jẹ́ wà lẹ́bàá ògiri. Aṣọ funfun tí wọ́n fi bò ó wú sókè lápá òsì dé ìsàlẹ̀. Lápá ọ̀tún, ó wú dé àárín, ó sì tẹ́ sílẹ̀. Aránṣọ kò wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó jókòó, ó mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀," ó ní.

Jẹ́jẹ́ ṣí ojú. Ètè rẹ̀ gbẹ. "Aago mélòó ló lù?"

"Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni. Mo jẹ yín ní ti àárọ̀ ni."

Ó fún un lómi díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kò fi ti ìwé pa mọ́, kò fi ti àbúrò rẹ̀ pa mọ́. Jẹ́jẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ojú tó ń wo òrùlé. Ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti dé *ẹ pa á* nìkan ló ti yí orí.

"Wọ́n pa á?"

"Wọ́n pa á."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Mo ń pariwo nínú ihò," ó ní. "Mo ní kí wọ́n pa á. Mo gbọ́ ohùn àbúrò rẹ, ó ní kí n fara dà á, pé òun ń wá ọ̀nà míì, pé kò ṣeé pa ní irú àkókò yẹn." Ó sinmi kí èémí rẹ̀ tó padà. "Ó ti tó ìgbà wo tí wọ́n ti pa á?"

Aránṣọ wo aago tó wà lókè ilẹ̀kùn. "Ó ti lé ní wákàtí kan."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ó rántí ohun tí agbálẹ̀ sọ fún un lọ́nà: pé ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, pé àwọn awakọ̀ tírélà ti tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀ wọn, wọ́n ń sùn.

"Kò sí," ni Aránṣọ wí. "Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀."